Àwọn Ojú Tó Dí Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọ̀gá mi ló kó bá mi. Ọ́fíìsì wa ní Àpápá, níbi tí a ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé ẹrù tí ọkọ̀ òkun kó dé, ní láti rán ẹnì kan lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ iná. Gbogbo àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní iṣẹ́ wọ àwọn lọ́rùn. Ni ọ̀gá bá kọjú sí mi, ó ní, "Madam, ìwọ lọ. O sáà fẹ́ràn láti máa bá ènìyàn wí." Bó ṣe di pé èmi ni mo lọ nìyẹn. Wọ́n fún wa ní oúnjẹ ọ̀sán, fèrè kan, àti ẹ̀wù pénpé kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Mo wọ ẹ̀wù náà délé. Ọkọ mi ní mo jọ àwọn tó ń darí ọkọ̀ àjàgbé ní Ìjọra.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà tó wọ̀ mí lára jù ni pé ilé tí kò bá ní ọ̀nà àbájáde méjì kì í ṣe ilé, pàkúté ni. Ó ní kí oníkálukú padà sílé lọ wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé tèmi kò ní wàhálà. Ilé màmá mi ní Ajégúnlẹ̀ ni ọkàn mi sáré lọ. Ilé náà ní ilẹ̀kùn méjì lóòótọ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn nínú yàrá wọn, àmọ́ ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti gba ti ẹ̀yìn kọjá. Àwọn òkú ló dí i.

Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ sá. Ẹ farabalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Màmá mi wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí ni. Kò sí ìsìnkú, kò sí ìdúpẹ́, kò sí ìsìn ìrántí tí wọn kì í lọ. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ní Èkó níhìn-ín, a kì í ti irú ibẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á fúnni ní bọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí abọ́ rọ́bà, tàbí tíréè, tàbí agbòjò, tàbí kàlẹ́ńdà, ojú olóògbé tàbí ojú ẹni tó ń ṣọpẹ́ á sì wà lára rẹ̀ gbàgàdà, tòun ti ẹ̀rín. Àwọn ẹlòmíràn á máa lo tiwọn títí tí á fi fọ́. Màmá mi kì í lò ó. Wọ́n ní báwo làwọn á ṣe máa fi ojú Bàbá Alàgbà bu omi ìwẹ̀? Wọn kì í sì í dà á nù, torí òfin kan wà nínú ilé wa tó le ju òfin Mósè lọ: a kì í ju ojú ènìyàn sí ààtàn. Wọ́n ní ẹni tó bá ju ojú ọmọnìkejì rẹ̀ sínú ìdọ̀tí, bí onítọ̀hún bá wà láàyè, ó ń pè é lókùú ni. Bó bá sì ti kú, ó tún un pa.

Nítorí náà, wọ́n ń tò ó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ lórí abọ́, ó ku díẹ̀ kó kan àjà. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri, ọ̀kan lórí èkejì, débi pé bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọ̀dà tí bàbá mi fi kun pálọ̀ náà kí wọ́n tó kú, ẹ ní láti ká pásítọ̀ mẹ́sàn-án kúrò. Bí àlejò bá jókòó, ìyá méjìlá àti bàbá mẹ́jọ ló ń wò ó lẹ́nu bó ṣe ń jẹun. Àwọn ọmọ mi kì í gbà láti sùn síbẹ̀. Màmá mi ní tiwọn máa ń kí gbogbo wọn láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìjọ. Bàbá, ẹ kú ìsinmi." Wọ́n á tún dúró sọ fún ẹlòmíràn nínú wọn pé ọmọ rẹ̀ tó ń wáṣẹ́ ti ríṣẹ́, kó má ronú mọ́.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ sórí pé kò sáyè ìjókòó ni, ǹ bá fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn iwájú, láàárín àwọn kàlẹ́ńdà tí wọ́n ká jọ tí wọ́n fi ti ògiri, ẹ̀sítẹ́ńṣàn kan wà níbẹ̀ tí fíríìsà, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù jọ ń fa iná lára rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Gbogbo fèrèsé ló ní irin nítorí olè. Orúnkún ọ̀tún màmá mi kò sì gbé wọn dáadáa mọ́, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Bí iná bá bẹ́ sílẹ̀ níwájú, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà jáde? Mi ò ní pe ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ mìíràn: mi ò fẹ́ kí iná jó ìyá mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olè nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Ọjọ́rú ni ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo wọ ẹ̀wù ọsàn mi, mo kó àpò ìrẹsì mẹ́rin lọ́wọ́, mo sì dúró sí ìkóríta títí màmá mi fi jáde. Mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo dojú gbogbo wọn bolẹ̀ kí n má baà rántí ẹni tó fún mi ní bisikíìtì nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún, mo pe ọkùnrin kan tó ń ti ọmọláńkẹ́, mo ní kó bá mi gbé e dé ààtàn. Ó gbé e lọ. Mo gbá ilẹ̀. Ẹ̀bá ẹ̀sítẹ́ńṣàn náà mọ́ tónítóní, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Màmá mi dé. Wọ́n ò tíì mu omi tí mo bù fún wọn tán tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń yan ẹja ní ìpẹ̀kun àdúgbò ni, ará apá Delta. Ó fi tíréè kan mọ́ àyà, ó ti fi ìborùn rẹ̀ nù ún.

"Mama, abeg come see o! I see your pastor for gutter! Thief don enter your house!"

Kí n tó gba tíréè náà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá kan tó ń gbé ní òdìkejì, tí òun àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́ ní wáàfù, ti wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. "Ìyàwó wa, wọ́n mà ti jà yín lólè! Mo bá Alàgbà lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n dojú délẹ̀! Ta ló ṣe irú èyí?" Àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́ta gbé abọ́ dé. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọlọ́mọláńkẹ́ fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú ìyókù nínú àpò. Ó ti fi òógùn wẹ̀. Ó ní òun yẹ inú àpò wò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lójú ọ̀nà, ni òun bá rí àwọn ènìyàn.

"Madam, na person face full here," ó wí fún mi. "I get pikin. I no fit throway person."

Mo ti rò pé òfin màmá mi ni. Mi ò mọ̀ pé òfin gbogbo Ajégúnlẹ̀ ni.

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n wò mí láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, wọ́n tún wo ẹ̀wù ọsàn mi. "Ìwọ ni," ni wọ́n wí. Kì í ṣe ìbéèrè. Wọ́n ní kí n fọ gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa tọrọ àforíjì bí mo bá ṣe ń fọ̀ ọ́, kí n wá tò wọ́n padà sáyè wọn. Èmi abiyamọ, tí ọmọ mi àgbà ti fẹ́ wọ yunifásítì, èmi ni mo lóṣòó sí ìdí kànga lẹ́yìn ilé tí mo ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ olóògbé. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin lórí fóònù kó bá mi kẹ́dùn. Ó rẹ́rìn-ín títí tí mo fi pa fóònù.

Òun náà ló mú àbá kejì wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àbúrò mi yìí ń wa ọkọ̀ epo láti àwọn táńkì ńlá tó wà ní Kírikírì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún un nípa iná. Ó ní bó bá jẹ́ pé a ò lè jù wọ́n nù, kí ló dé tí a ò dá wọn padà fún àwọn ẹbí wọn? Màmá mi ronú sí i. Wọ́n ní ó dáa, kí ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìjùnù. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ wọn. A kó ẹrù kún inú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí àbúrò mi yá ní ọjọ́ Sátidé, a gbọ̀nà.

Ìjọra la kọ́kọ́ dé, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin ìyá kan tó ti kú. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀ lára abọ́ mẹ́fà, ó sunkún, ó gbá wa mọ́ra, ó ní àwa nìkan la rántí ìyá òun. Ó wá sáré wọ yàrá. Nígbà tó jáde, páálí méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú rí ló gbé dání, ti ìsìn ìrántí ìyá náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà, ẹ bá mi fún Màmá. Ó ti ń gba àyè mọ́ wa lọ́wọ́." A gbà á.

Ní Kírikírì, bàbá tó ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà láàyè, ọpẹ́ àádọ́rin ọdún ni wọ́n ṣe. Wọ́n wo ojú ara wọn tó ń padà bọ̀ wá bá wọn, ni ojú wọn bá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Kí ni mo fi ṣe ìyá yín? Ṣé àdúrà mi ni wọn ò fẹ́?" Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀, a bẹ̀bẹ̀ títí. Ohun tí wọ́n gbà láti fi dárí jì wá ni pé ká gba aago ògiri kan tí ojú wọn àti ti ìyàwó wọn wà lára rẹ̀.

Ní Marine Beach ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ìyá mi. Ọkùnrin tí a lọ bá níbẹ̀ kò tilẹ̀ wo ohun tí a gbé wá. Ó ká tàpólì kan sókè lẹ́bàá ilé rẹ̀, a sì rí bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti agbòjò tí wọ́n tò bí ògiri. "Ẹ wá bá mi kó díẹ̀," ló ní. Èmi ni mo kọ́kọ́ padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí a délé, ohun tí a kó bọ̀ ju èyí tí a kó lọ. Màmá mi gbé aago ògiri náà kọ́ lójú ẹsẹ̀, ní ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń pa iná mànàmáná ilé, wọ́n sì ń yin Olúwa pé àwọn ènìyàn ṣì rántí àwọn.

Ọjọ́ náà ni mo bínú. Mo dúró láàárín pálọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe olùkọ́.

"Màámi, tí iná bá yọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn yìí, ibo lẹ máa gbà?"

"Iná ò ní yọ lórúkọ Jésù."

"Àmín. Tó bá yọ ńkọ́?"

"Mo ní kò ní yọ."

"Àwọn tí ilé wọn jó náà gbàdúrà, mà."

"Wọn ò gbà á dáadáa."

Mo ní àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n ní ta ló fi iná sórí òrùlé, ṣé abọ́ kọ́ ni àwọn tò ni? Mo ní ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ ká kó ẹrù ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò. Ni ojú wọn bá yí padà, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹrù tó wà níbẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Ohùn wọn le gan-an. Gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni fèrè. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọrùn, wọ́n sì ń fi í pe oníbúrẹ́dì.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn ní ọ̀sán Sátidé kan. Iná mànàmáná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń fi àbóníkí ra orúnkún wọn nínú yàrá nígbà tí wọ́n mú iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Gílóòbù tó wà lórí wa kò tàn bó ṣe máa ń tàn, funfun báláú ló ń tàn, ó ń kùn. Mo ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí màmá mi fa imú.

"Ta ló ń sun rọ́bà?"

Mo yọjú sí pálọ̀. Igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú ti ń jó. Àwọn kàlẹ́ńdà ló kọ́kọ́ mú, iná sì ti ń lá àwọn pásítọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọdún kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ní kí n sáré pa iná ilé, àmọ́ ìdí aago ògiri ará Kírikírì ni ibi ìpaná wà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń jó. Ọ̀nà ilẹ̀kùn iwájú ti dí. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi fò lọ, àfi mẹ́ta: pariwo, ti ilẹ̀kùn, jáde.

Mo pariwo. Mo wọ́ páálí agbòjò tó ti gbé ilẹ̀kùn àárín yàrá àti pálọ̀ dúró láti ọdún wo, mo ti ilẹ̀kùn náà, mo ki táwẹ̀lì tútù sí ìdí rẹ̀. Màmá mi, tí wọ́n ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ki fèrè bọ ẹnu, wọ́n fọn ọ́n kíkankíkan. Oníbúrẹ́dì dáhùn láti òpópónà: "Mama, I dey come!" Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ti rí èéfín. Ẹ ò gbọ́ irú ariwo tí obìnrin náà pa, kò sí agogo ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó tó o.

Àwọn aládùúgbò sáré yí gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta. Kò ṣí. Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, ẹrù sì wà nídìí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwa la máa kó o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn mi, sórí bẹ́ẹ̀dì, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibikíbi tó bá gbà. Màmá mi gbára lé ọ̀pá, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ wọn kò ju ẹyọ kan láìkí i.

"Ẹ má bínú, Ìyá Ìjọ. Ẹ forí jì mí, Alàgbà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Màámi! Ẹ yára!"

"Ṣé ẹnu ni mo fi ń jù ú ni? Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi ń bẹ̀bẹ̀!"

Wọ́n ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ abọ́. Èéfín ti ń gba òkè ilẹ̀kùn wọlé, ó dúdú, ó ń ta ènìyàn lójú, ikọ́ ti mú wa. Mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ló ń pa mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó ku páálí mẹ́ta péré, ńlá, tí wọ́n tò sí ìdí ilẹ̀kùn gan-an. Mo fà á, kò mì. Mo ya ẹnu ti òkè kí n lè kó inú rẹ̀ dànù. Bàbá mi ló wà níbẹ̀.

Bàbá mi ni, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú fìlà tí wọ́n dé níbi ìgbéyàwó mi, lára abọ́ kan, lára abọ́ kejì, lára gbogbo wọn. Nígbà ìsìnkú wọn, àbúrò mi ló lọ ṣètò abọ́, ó sì ṣe é jù. A ò béèrè ibi tí ìyókù wọlé sí. Èmi tí mo dojú gbogbo ẹni ẹlẹ́ni bolẹ̀ láìwẹ̀yìn, ọwọ́ mi kò gbé èyí. Mo dúró síbẹ̀. Iná ń jó, mo dúró síbẹ̀.

Màmá mi tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti páálí náà, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹni tó ń sùn.

"Olówó orí mi," ni wọ́n wí, "ẹ yà lọ́nà. Mò ń bọ̀ wá bá yín, àmọ́ kì í ṣe òní. Kì í sì í ṣe inú èéfín."

Wọ́n tì í. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí agbára náà. Páálí òkè wó, abọ́ bàbá mi tú jáde yíká ẹsẹ̀ wa, mo wọ́ méjì ìsàlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá òdìkejì sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé láti ìta. Wọ́n gbé màmá mi jáde. Mo tẹ̀lé wọn. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí náà ni bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ogún yí tẹ̀lé wa dé ìdí kànga.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí ló rí. Àwọn ènìyàn kò dúró wá bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé wọn. Èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n gbé. Alàgbà bọ́ sínú kànga, wọ́n gòkè, wọ́n kọjá láti ọwọ́ ẹlẹ́ja sí ọwọ́ oníbúrẹ́dì sí ọwọ́ bàbá òdìkejì, omi rọ́ sínú pálọ̀. Ìyá Ìjọ tẹ̀lé e. Àwọn ọkùnrin ń fi àwọn mìíràn bu yanrìn. Màmá mi wà lórí àpótí, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ṣì ń pàṣẹ: "Ẹ má fi Màmá yẹn bu yanrìn, ẹlẹ́gẹ́ ni wọ́n! Ẹ lo ọkùnrin!" Kí àwọn panápaná tó rọ́nà wọ àdúgbò wa, iná ti kú. Ògiri iwájú dúdú, fíríìsà yọ́, kàlẹ́ńdà kankan kò ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Màmá mi wò mí. Mo mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ṣé o rí i? Ṣé o rí i pé wọ́n wúlò?"

Mo ní àwọn ló dá iná sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ló pa á. Títí di òní, a ò tíì parí ìjà yẹn.

Àmọ́ nígbà tí ẹlẹ́ja fẹ́ dá bọ́kẹ́ẹ̀tì Alàgbà padà, màmá mi mi orí. "Máa mú un lọ. Ẹ ti jọ ṣiṣẹ́." Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbúrẹ́dì. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sí ìta, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pín ìyókù fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, wọ́n á sì sọ fún un ẹni tó gbà, irú ènìyàn tó jẹ́, àti pé kò fẹ́ràn ìjà. Òfin wọn kò yẹ̀. Ààtàn ni wọn kò fẹ́, wọn kò sọ pé àwọn kò fẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ní báyìí, ìdajì àdúgbò wa ló ń fi àwọn òkú ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi wẹ̀, bàbá mi sì wà nílé mẹ́tàdínlógún, tí mo mọ̀.

Nígbà tí a tún pálọ̀ náà kùn tán, mo lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ wo wáyà tuntun. Màmá mi jókòó lórí àpótí ní ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé. Wọ́n ní kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

"Bí mo bá lọ, ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ojú mi sórí nǹkan kan. Ẹ se ìrẹsì fún wọn, kí wọ́n jẹ ẹ́, kó tán síbẹ̀."

"Ah, Màámi. Kí wọ́n wá gbàgbé yín?"

"Ẹni tó bá fẹ́ rántí mi, kó wá kí mi báyìí. Ilẹ̀kùn ti ṣí."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ ní ilé yẹn. Ilẹ̀kùn ni mo ń wá wò, wáyà ni mo ń wá wò. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo wá wo màmá mi. Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àpótí náà. Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó tì wọ́n.